Fífà Yàtọ̀ sí Gbígbẹ: Ìtàn Kúkúrú Nípa Ẹ̀rọ Tí Ń Fọ Rọ́ọ̀gì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa kàwé níbí, ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó kọ nǹkan. Orúnkún ló ń yọ mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n a dúpẹ́, ara ti ń balẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín pè mí lórí fóònù. Mo kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní ohun tó lé ní ọdún márùndínlógójì sẹ́yìn. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba báyìí, ó sì fẹ́ dá iṣẹ́ fífọ rọ́ọ̀gì àti àga pálọ̀ sílẹ̀ n'Íbàdàn. Ó ní, "Ẹ káàsán sà. Ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ sí mi. Méjì ló wà nílẹ̀, owó wọn ò jìnnà síra. Èyí sọ pé tòun ló ń jẹ́ kí rọ́ọ̀gì tètè gbẹ jù, ìyẹn náà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sí wọn lára, ẹ̀yin lẹ mọ èdè."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ọ̀rọ̀ èdè ni òun ń bi mí. Kò mọ̀ pé mo ti fi ọwọ́ ara mi ti irú ẹ̀rọ yẹn rí, lóròòru, fún nǹkan bí ọdún méjì. N ò sọ ọ́ ní kíláàsì rí. N ò sọ ọ́ fún bàbá mi títí wọ́n fi kú. Nígbà tí mo fẹ́ dá a lóhùn, mo rí i pé ìdáhùn náà gùn ju ọ̀rọ̀ orí fóònù lọ, ìtàn sì wà nínú rẹ̀. Òun ni mo jókòó kọ yìí.

Nígbà tí rọ́ọ̀gì ṣì ṣeé gbé síta

Láyé àtijọ́, kò sẹ́ni tó ń da ara rẹ̀ láàmú lórí gbígbẹ rọ́ọ̀gì. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, bí àwa náà ṣe ń ṣe ẹní wa, wọ́n á ká a nílẹ̀, wọ́n á gbé e síta, wọ́n á fi kọ́ sórí okùn, wọ́n á wá fi igi nà án kí eruku lè jáde. Bí wọ́n bá fi omi fọ̀ ọ́, oòrùn àti atẹ́gùn ni yóò mú un gbẹ. Ọ̀fẹ́ ni oòrùn, kò sì sẹ́ni tó ń kánjú.

Ní ọdún 1876, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Melville Bissell, tó ń ta àwo ní ìlú Grand Rapids ní ìpínlẹ̀ Michigan, gba pátẹ́ǹtì lórí ẹ̀rọ kan tó ní búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí. Téèyàn bá ń tì í lọ lórí rọ́ọ̀gì, búrọ́ọ̀ṣì náà á máa gbá ìdọ̀tí sínú àpótí kékeré. Nígbà tí Bissell kú ní 1889, ìyàwó rẹ̀, Anna, ló gba ilé iṣẹ́ náà, ó sì darí rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n gbígbá ni ẹ̀rọ yẹn ń gbá. Kò fa nǹkan kan.

Ọdún 1901 ni fífà wọ inú ọ̀rọ̀ náà ní Ìlú Ọba. Hubert Cecil Booth, ẹnjiníà tó ti bá wọn ṣe iṣẹ́ afárá rí, lọ wo ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń polówó ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀rọ náà ń fẹ́ atẹ́gùn sára nǹkan kí eruku lè fò kúrò níbẹ̀. Booth bi ẹni tó ni ín pé kí ló dé tí kò kúkú fa eruku náà. Ẹni yẹn ní kò ṣeé ṣe. Booth bá lọ sí ilé oúnjẹ kan, ó tẹ́ áńkáṣíìfù sórí àga, ó gbé ẹnu lé e, ó fà á. Ikọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ṣùgbọ́n nígbà tó yí áńkáṣíìfù náà padà, eruku ti lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó wá ṣe tóbi débi pé ẹṣin ló ń wọ́ ọ káàkiri. Ìta ló máa ń dúró sí, ní ojú títì, họ́ọ̀sì gígùn ni wọ́n á gba ojú fèrèsé mú wọ inú ilé. Ní 1902, nígbà tí wọ́n fẹ́ dé Ọba Edward Keje ládé, ẹ̀rọ yìí ni wọ́n fi fa eruku inú kápẹ́ẹ̀tì Westminster Abbey. Ẹ fi ẹ̀rọ tó dúró síta yẹn sọ́kàn, torí a óò tún bá a pàdé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni James Murray Spangler dé. Agbálẹ̀ ni, ní ilé ìtajà ńlá kan ní ìlú Canton, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ó ní ikọ́ fée, eruku tó sì ń gbá lójoojúmọ́ ń dá kún un. Ó kó mọ́tọ̀ fáànù, igi ìgbálẹ̀ àti àpò ìrọ̀rí pọ̀, ó fi ṣe ẹ̀rọ tí ẹnì kan péré lè tì. Ó gba pátẹ́ǹtì ní 1908, ó sì tà á fún ìdílé oníṣòwò awọ kan tí orúkọ wọn ń jẹ́ Hoover. Orúkọ tí aráyé mọ̀ nìyẹn. Orúkọ agbálẹ̀ tó ronú kàn án kò fi bẹ́ẹ̀ hàn.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan o: eruku gbígbẹ ni gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí ń kó. Omi ò tíì sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Rọ́ọ̀gì tó lẹ̀ mọ́lẹ̀

Ohun tó mú omi wọ ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọdébìnrin kan. Ní 1895, ní ìtòsí ìlú Dalton ní ìpínlẹ̀ Georgia, Catherine Evans, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì kan. Ó ń ki òwú bọ aṣọ, ó ń gé orí òwú náà kó lè yọ jáde bí irun. Ní 1900 ó ta ọ̀kan ní dọ́là méjì ààbọ̀. Àwọn aládùúgbò kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó di òwò gbogbo agbègbè. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe ẹ̀rọ tó ń fi abẹ́rẹ́ púpọ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n mú ẹ̀rọ yẹn gbòòrò, wọ́n fi òwú náílọ́ọ̀nù sí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe kápẹ́ẹ̀tì. Kápẹ́ẹ̀tì wá pọ̀, ó sì dínwó. Dalton di olú ìlú kápẹ́ẹ̀tì fún Amẹ́ríkà.

Kápẹ́ẹ̀tì tuntun yìí ń ti ara ògiri kan dé ara ògiri kejì. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ tàbí kí wọ́n kàn án mọ́lẹ̀. Kò ṣeé ká. Kò ṣeé gbé síta. Ẹ̀yin náà rántí àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí pálọ̀ tí kò bá ní rọ́ọ̀gì láti ògiri dé ògiri ò kì í ṣe pálọ̀ mọ́. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí padà lẹ́nu wa. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, "rug" ni èyí tó kéré, tó ṣeé ká, tó ṣeé gbé. Àwa mú orúkọ èyí tó ṣeé gbé, a fi pe èyí tí kò ṣeé gbé. N kì í bá ọ̀rọ̀ jà. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ti ń sọ ọ́, ó ti di Yorùbá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni gbogbo wàhálà tí mò ń sọ yìí. Bí rọ́ọ̀gì ò bá lè lọ bá oòrùn níta, ẹni tó ń fọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ wá nǹkan tí yóò ṣe iṣẹ́ oòrùn nínú ilé.

Omi wọlé, omi ò jáde

Ẹ̀rọ ṣáḿpù ni wọ́n kọ́kọ́ gbára lé. Búrọ́ọ̀ṣì róbótó kan ló ní, tó ń yí lórí ilẹ̀, tí ọṣẹ olómi ń kán sí abẹ́ rẹ̀. Ó máa ń hó kùṣọ́kùṣọ́, ojú rọ́ọ̀gì á sì mọ́. Ṣùgbọ́n kò fa omi náà padà. Ọṣẹ àti ìdọ̀tí tó ti rà á jọ ń gbẹ sínú fọ́nrán ni, ọṣẹ tó ṣẹ́ kù yẹn á sì tún máa gba ìdọ̀tí tuntun mọ́ra.

Láàárín àwọn ọdún 1960 sí 1970 ni ẹ̀rọ afami wá gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le láti ṣàlàyé. Pọ́ńpù ń tú omi gbígbóná sínú rọ́ọ̀gì láti ẹnu ọ̀pá kan. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹnu ọ̀pá yẹn kan náà ń fa omi ìdọ̀tí padà sínú àgbá. Àwọn olówò pè é ní fífi ooru omi fọ nǹkan, "steam". Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Omi gbígbóná lásán ni. Ṣùgbọ́n orúkọ náà dùn létí oníbàárà, ó sì dúró.

Ní àwọn ọdún 1970 kan náà, àwọn kan gbé gbogbo ẹ̀rọ náà sínú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì epo ló ń wà á, inú ọkọ̀ ló ń wà, ojú títì ni ọkọ̀ ń dúró sí, họ́ọ̀sì nìkan ló ń wọ ilé. Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀rọ ẹlẹ́ṣin Booth ló padà wá, ẹṣin nìkan ni kò sí mọ́. Ohun tó sì ń fa atẹ́gùn nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dàgbà ju Booth pàápàá lọ: àwọn ọmọ ìyá méjì kan, Philander àti Francis Roots, ní ìlú Connersville ní ìpínlẹ̀ Indiana, ló gba pátẹ́ǹtì lé e lórí ní 1860. Ilé iṣẹ́ òwú irun àgùntàn ni wọ́n ní, wọ́n ń wá bí àgbá tí omi ń yí níbẹ̀ yóò ṣe ṣiṣẹ́ dáadáa sí i, ni wọ́n bá ṣèèṣì rí ohun tó mọ atẹ́gùn fẹ́. Wọ́n lò ó níbi iná ìyọ́rin tipẹ́tipẹ́ kó tó dé orí rọ́ọ̀gì.

Àwọn òru mi ní Lọ́ńdọ̀nù

Ní ọdún 1979, mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù, mò ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé. Owó sìkọ́láṣíìpù mi kì í tètè dé. Nígbà mìíràn kì í dé rárá. Bíi ti ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti ilé wa, mo wá iṣẹ́ agbálẹ̀ ọ́fíìsì, láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí márùn-ún ìdájí. Lọ́sàn-án, mò ń ka ìwé lórí ọ̀rọ̀-ìṣe asínpọ̀. Lóru, mò ń ti ẹ̀rọ. Tí mo bá kọ lẹ́tà sílé, mo máa ń sọ fún bàbá mi pé ibi ìkàwé ni mo ń wà títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Èmi pẹ̀lú màmá kan, ará Ìjẹ̀bú, la jọ ń ṣe àjà kẹta ilé náà. Wọ́n á fi bí ogún ọdún jù mí lọ. Màmá ni mò ń pè wọ́n. Àwọn ń pè mí ní Dókítà, nígbà tí n kò tíì kọ orí kejì ìwé mi. "Dókítà, o ti jẹun?" Bí mo bá ní mo ti jẹun, wọ́n á ṣì ṣí kúlà.

Òfin kan ló ga ju gbogbo òfin lọ: kí ilẹ̀ ti gbẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó dé láàárọ̀. Ẹ̀rọ afami méjì ló wà, tuntun kan àti ògbólógbòó kan. Lọ́sẹ̀ kan, ògbólógbòó kàn mí. Mo gbọ́ ìró kan lábẹ́ ariwo rẹ̀: fííí, bí ẹni ń súfèé láàárín eyín. Mo tẹ́tí sí i, mo rí i pé rọ́bà tó yí ìdérí àgbá omi ìdọ̀tí ká ti sán. Atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé dípò kó gba ẹnu ọ̀pá. Mo fi téèpù dí i, mo bá iṣẹ́ mi lọ. Ìwé kan wà lára ògiri tó yẹ kéèyàn kọ irú àléébù bẹ́ẹ̀ sí, kó sì fọwọ́ sí i. N ò kọ ọ́. Wákàtí tí mò ń ṣe lọ́sẹ̀ ti ju èyí tí wọ́n gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti ṣe lọ. N ò fẹ́ kí orúkọ mi hàn nínú ìwé kankan ju bó ṣe yẹ lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ògbólógbòó kan Màmá. Oṣù kìn-ín-ní ni, òtútù ń mú bí nǹkan míì, fèrèsé wà ní títì, wọ́n sì máa ń pa ẹ̀rọ amúlégbóná lóru. Téèpù mi ti ṣí. Alábòójútó wa ní kí wọ́n da omi sí i dáadáa torí kápẹ́ẹ̀tì náà ti dọ̀tí jù. Màmá dà á, wọ́n fà á, wọ́n tún un fà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀rọ náà ń pariwo bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ó ń ṣiṣẹ́. Ariwo kọ́ ni fífà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàtà àwọn ọ̀gá ń dún pàṣà-pàṣà lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan fi bàtà tútù bọ́ sórí táìsì, ó yọ̀ ṣubú.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ní kí Màmá má wọlé mọ́. Wọ́n ní omi tí wọ́n dà pọ̀ jù, wọn ò sì fà á dáadáa. Mo dúró níbẹ̀. Mo mọ̀ nípa rọ́bà yẹn. Màmá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Dókítà, ìwọ náà mọ̀ pé mo fà á." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, èdè tí alábòójútó ò gbọ́. N ò sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, obìnrin kan tó ń jẹ́ May Hobbs ti kó àwọn obìnrin agbálẹ̀ òru jọ ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà, pé kí wọ́n wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kí ẹnu wọn lè tólẹ̀. Ìjà náà ò dé àjà kẹta tiwa. Ẹni tó yẹ kó jẹ́ ẹgbẹ́ fún Màmá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi ni.

Mo tún rí wọn lẹ́yìn ọdún méjì, níbi ìsọmọlórúkọ kan. Wọ́n ti rí iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n gbá mi mọ́ra, wọ́n ní, "Dókítà, ṣé wọ́n ti fún ọ ní Dókítà náà báyìí?" Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹnì kan pè mí pé kí n wá gbé àga, mo lọ gbé àga. Ilé ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ti kú ní Ìjẹ̀bú.

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì

Ohun tí mò ń kọ ìwé lé lórí lọ́sàn-án nígbà yẹn kò jìnnà sí ohun tí mò ń ṣe lóru. Nínú Yorùbá, a máa ń sọ pé: ó nù ún gbẹ, ó fún un gbẹ, ó sá a gbẹ. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì la sín pọ̀. Ìkíní sọ ohun tí ọwọ́ ṣe; ìkejì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí nǹkan náà. "Ó fà á" kò sọ fún wa pé ó gbẹ. Èèyàn lè fà á títí ilẹ̀ á fi mọ́, kó má gbẹ. Màmá fà á, kò gbẹ. Gbólóhùn méjì ni, òtítọ́ sì ni méjèèjì. Alábòójútó gbọ́ ìkejì, ó fi sọ pé ìkíní kì í ṣòótọ́.

Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìdí kejì. Wọ́n á kọ bí ẹ̀rọ ṣe ń fà tó, wọ́n á ní kó o fi ìyẹn mọ bó ṣe máa tètè gbẹ tó. Àárín fífà àti gbígbẹ, nǹkan púpọ̀ wà níbẹ̀.

Ìdáhùn mi fún ọmọ wa

Ó yá, ìwọ ọmọ mi tó pè mí, ìdáhùn rẹ rèé.

Fífà fúnra rẹ̀ pín sí méjì. Èkíní ni agbára, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe lè fa omi gòkè tó. Íǹṣì omi ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, òun ni wọ́n kọ sí i lára pé "water lift". Èkejì ni iye atẹ́gùn tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan, òun ni wọ́n ń pè ní CFM. Ẹni tó ń fa mùdùnmúdùn inú eegun, agbára ló ń lò, atẹ́gùn ibẹ̀ ò tó nǹkan. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí aṣọ lórí okùn, ó pọ̀, ṣùgbọ́n kò lágbára láti fa nǹkan. Rọ́ọ̀gì nílò méjèèjì: agbára ló ń já omi kúrò lára fọ́nrán, atẹ́gùn ló ń gbé e lọ.

Ẹ̀rọ méjèèjì tí o fi hàn mí ló ní ẹ́ńjìnnì afatẹ́gùn méjì. Nínú ọ̀kan, wọ́n tò wọ́n tẹ̀ léra, atẹ́gùn ń ti inú èkíní bọ́ sí èkejì. Agbára ni ìyẹn ń fi kún. Nínú ìkejì, wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Iye atẹ́gùn ni ìyẹn ń fi kún. Ìdí nìyẹn tí kálukú fi ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn, nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ. Tó bá jẹ́ pálọ̀ ilé wa lo fẹ́ máa fọ̀, tí họ́ọ̀sì rẹ ò gùn, èyí tó ní atẹ́gùn púpọ̀ ni n bá mú. Tó bá jẹ́ hótẹ́ẹ̀lì alájà púpọ̀, tí họ́ọ̀sì gígùn máa gun àtẹ̀gùn, mú èyí tó ní agbára.

Bí o bá rí ẹ̀rọ inú ọkọ̀, ṣọ́ra, torí òṣùwọ̀n mìíràn ni wọ́n fi ń wọ agbára tirẹ̀, íǹṣì mẹ́kúrì. Íǹṣì mẹ́kúrì kan tó íǹṣì omi 13.6. Nítorí náà, 12 tibí yìí ju 150 tọ̀hún lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá sì sọ fún ọ pé ẹ̀rọ òun ń fa ju íǹṣì omi 407 lọ, sá fún un; ìwúwo atẹ́gùn ayé yìí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ ò lè fa ohun tí kò sí.

Wo họ́ọ̀sì pẹ̀lú. Ẹnu họ́ọ̀sì oní-íǹṣì méjì fi díẹ̀ dín ní ìlọ́po méjì ti oní-íǹṣì kan ààbọ̀. Má mú èyí tó gùn ju ohun tí o nílò lọ, torí gbogbo gígùn ń jẹ nínú atẹ́gùn rẹ. Rántí NEPA náà: bí iná ò bá ga tó, ẹ́ńjìnnì irú ẹ̀rọ yìí á rọra máa yí, fífà á sì dín kù. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré lo fẹ́ lò, má jẹ́ kó tún máa se omi fún ọ. Se omi rẹ sílẹ̀ kó o tó dé.

Lẹ́yìn tí o bá ti tú omi sí i lẹ́ẹ̀kan, fà á lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta láìtú omi mọ́, títí o ò fi ní rí omi tó ń sáré nínú ọ̀pá. Àwọn tó bá ń kánjú máa ń fo èyí. Lẹ́yìn náà, gbé fáànù sílẹ̀ kó máa fẹ́ sí ojú rọ́ọ̀gì, nítorí afẹ́fẹ́ tó ti gba omi yó ló máa ń jókòó lé e lórí. Ní àkókò ọyẹ́, ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbàgada, ọyẹ́ á bá ọ ṣe é. Ní oṣù keje, tí òjò ń rọ̀, ti fèrèsé, kí o tan ẹ̀rọ amúlétutù, torí ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ dànù. Bí rọ́ọ̀gì bá gbẹ láàárín wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, ó dára. Àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà sọ pé kí ohun tó bá rin má kọjá wákàtí 24 sí 48 láìgbẹ, kó má baà bu. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée nínú ilé, bíi Spangler, ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Ọ̀nà kan tún wà tí kì í lo omi púpọ̀. Ọṣẹ rẹ̀ máa ń gbẹ di èérún tí wọ́n á fi fákúùmù lásán kó. Wákàtí kan sí méjì, ó ti gbẹ. Ó dára fún ọ́fíìsì tí wọ́n ń tọ́jú déédéé, ṣùgbọ́n rọ́ọ̀gì tí ọbẹ̀ ti dà sí fún ọdún márùn-ún ò ní gbọ́ tirẹ̀.

Tó o bá fẹ́ mọ ẹ̀rọ tó dára jù ní tòótọ́, fi ìwé wọn sílẹ̀, wọn omi. Da lítà 20 sínú àgbá kan, fọ ibì kan, kó o wá wọn èyí tó padà wá. Bó bá jẹ́ lítà 16 ló padà, mẹ́rin ṣì wà nínú rọ́ọ̀gì. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ kejì, níbi tó rí bákan náà. Omi kì í polówó.

Èyí tó gbẹ̀yìn ló ká mi lára jù. Ní àràárọ̀, kó o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tan ẹ̀rọ náà, kó o fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu ọ̀pá rẹ̀ pinpin. Bó bá dára, ohùn ẹ́ńjìnnì á yí padà, á ga sókè. Bí ohùn rẹ̀ ò bá yí padà, atẹ́gùn ń gba ibòmíràn wọlé. Wo rọ́bà ìdérí àgbá. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, rọ́bà náà ò sì wọ́n.

Wàá gba àwọn ọmọ síṣẹ́. Ra ìwé kan, so ó mọ́ ògiri, kó o sọ fún wọn pé ẹni tó bá kọ àléébù ẹ̀rọ sí i, o ò ní bi í ní nǹkan mìíràn. Bí oníbàárà bá sì pè ọ́ pé rọ́ọ̀gì òun ò gbẹ, kó o tó bi ọmọ tó fọ̀ ọ́, lọ fi ọwọ́ dí ẹnu ọ̀pá náà ná.

Tí n bá tún ní okun, n óò kọ nípa ọ̀rọ̀-ìṣe "bu" tí mo lò lókè yẹn. Ìtàn tirẹ̀ náà gùn. Ó dìgbà kan ná.